Èèwọ̀ tí Hẹdimásítà Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Dá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọkùnrin tó ni ìtàn yìí kò ní kí n fi orúkọ òun pamọ́. Ó jókòó síwájú mi fún wákàtí mẹ́ta, ó mu ife omi kan, ó ní, "Kọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ mi gan-an ni kó o fi síbẹ̀." Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi fúnra rẹ̀ kọ ọ́, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ. Ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, pé gbogbo ìgbà tí òun bá ti kọ "mo" sílẹ̀, àwáwí ni yóò tẹ̀ lé e. Nítorí náà, èmi ni n ó sọ ọ́ fún yín, n kò sì ní bá a wá àwáwí kankan.

Jeremiah Ògúnrìndé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀jìgbò. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Yúpíì dé, òun ni hẹdimásítà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan létí ìlú, lójú ọ̀nà Isundunrin. Ọmọ ya wọlé bí omi. Kíláàsì tó yẹ kó gba ogójì gba àádọ́rùn-ún. Tíṣà kò tó, ìjọba sì ní kí wọ́n gba àwọn tó jáde ilé-ìwé Módà, ọlọ́dún mẹ́ta tó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, náà, kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Àyè ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fún ilé-ìwé Ògúnrìndé. Ẹni méjì ló ń wò ó.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ọmọ Àkàndé káfíńtà. Ibà ló ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ibà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́ títí ó fi jáde Módà, ipò kìíní tàbí ìkejì ló sì ń gbé nínú gbogbo ìdánwò. Pákó pẹlẹbẹ kan tí bàbá rẹ̀ kan bẹ́ríǹgì ọkọ̀ mẹ́rin mọ́ nísàlẹ̀ ló fi ń rìn. Á mú igi kékeré méjì dání, á máa fi ti ilẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, á máa kọ́ wọn ní ìwé. Hẹdimásítà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí Ọmọpẹ́, ọmọ tirẹ̀, wà lára wọn.

Ẹnì kejì ni Tàjùdíìnì, àbúrò ìyàwó hẹdimásítà. Àbíjàn ló ti dé, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò. Bàtà rẹ̀ ga nílẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ lẹ́sẹ̀, Faransé ló sì fi ń kí èèyàn láàárọ̀. Ó ti ka ìwé díẹ̀ kó tó lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi àti bàbá rẹ̀ wá rí hẹdimásítà ní ọ́fíìsì. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ló gbé e gùn ún.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Mo ti kọ lẹ́tà mi. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Nǹkan méjì péré ni mo tún fẹ́ bẹ̀ yín."

"Kí ni wọ́n?"

"Kí ẹ jẹ́ kí bàbá mi tẹ́ pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lé àtẹ̀gùn kíláàsì, kí n lè máa ti ara mi wọlé. Kí wọ́n sì sọ bọ́ọ̀dù kalẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ mi lè tó o. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"Pákó ti wà nílẹ̀, sà," ni Àkàndé fi kún un. "Mo ti fá a."

Ògúnrìndé fọwọ́ sí lẹ́tà náà níṣojú wọn. Ó ní, "Lọ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni n ó dárúkọ." Ó sọ fún mi pé òótọ́ ni òun ń sọ lọ́jọ́ náà. Mo gbà á gbọ́. Kò sóhun tó rọrùn tó kéèyàn máa sọ òótọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó purọ́.

Ilé ló ti bàjẹ́. Ràfíátù, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì dìde lọ.

"Bàbá Ọmọpẹ́, ta lẹ fẹ́ mú?"

"Ọmọ Àkàndé ni. Ó mọ̀wé."

"Mo mọ̀ pé ó mọ̀wé, èmi náà kọ́ ni mo rán ọmọ wa lọ bá a? Àmọ́ bí Tàjù bá tún padà sí Àbíjàn, tí nǹkan ṣe é níbẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ wojú ìyá mi? Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí nìyẹn."

"Ìwé ọmọ yẹn ju ti Tàjù lọ fíìfíì. Kí ni n ó sọ fáwọn alábẹ̀wò ìjọba?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ẹ ó rí nǹkan sọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá nǹkan náà. Kò lè ní ọmọ yẹn ò mọ̀wé, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò lè ní kò lè kọ́ni, gbogbo àdúgbò ló ń rí i ní ìrọ̀lẹ́. Kò lè ní ibi iṣẹ́ kò gbà á, káfíńtà ti fá pákó. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà dí, ó rántí òrìṣà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nítorí ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀. Ògìyán, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun, ló ni Ẹ̀jìgbò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fọ́mọ ibẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fi àfín, abuké tàbí arọ ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹni òrìṣà ni wọ́n, ọwọ́ òrìṣà fúnra rẹ̀ ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tó dára ni. Ògúnrìndé ti di ọmọ ìjọ láti ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì máa ń sọ ọ́ nínú ìwàásù pé òkùnkùn ni àwọn abọ̀rìṣà wà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, òrìṣà wúlò fún un.

Àwọn alábẹ̀wò méjì wá láti Ìbàdàn. Kò sí ọmọ agbègbè náà nínú wọn. Àgbà inú wọn gbé lẹ́tà Ọ̀ṣúnkẹ́mi sókè.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé eléyìí dára. Ṣé òun lẹ fẹ́?"

Ògúnrìndé mí kanlẹ̀. "Sà, ó dùn mí. Arọ ni ọmọ yẹn, ẹni òrìṣà sì ni arọ nílùú yìí. Èèwọ̀ ni kí ẹni òrìṣà máa ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ òòjọ́. Bó bá wà níwájú kíláàsì, tí ọmọ kan ṣèèṣì fi í rẹ́rìn-ín, gbogbo ìlú ló máa ṣètùtù. Àwọn òbí á kó ọmọ wọn lọ."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, sà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀ wọ́n."

Alábẹ̀wò náà bojú wo èkejì rẹ̀. "A ò lè tìtorí iṣẹ́ ba àṣà ìlú jẹ́," ló wí, ó sì fi lẹ́tà náà sísàlẹ̀ àwọn yòókù.

Kò sí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí rí. Ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n bí i, ní ọ́fíìsì hẹdimásítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ṣọ́ọ̀kì.

Tàjùdíìnì gba iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ́ àwọn ọmọ láti ka oókan dé ẹẹ́wàá ní Faransé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi àti bàbá rẹ̀ tún wá béèrè. Ògúnrìndé ì bá ti ní Ìbàdàn ló kọ̀ ọ́, kó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti dùn létí rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà dúpẹ́ pàápàá. Ó ní, "Kì í ṣe pé a kọ̀ ọ́. Ìlú ló ń bọ̀wọ̀ fún ọ. Èèwọ̀ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Àwọn àgbà."

"Àgbà wo, sà?"

"Ọmọ mi, má jẹ́ ká máa dárúkọ àgbà."

Ọmọbìnrin náà wo bàbá rẹ̀. Àkàndé wo ilẹ̀. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ní oṣù yẹn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn tíṣà gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ nílé. Àwọn òbí gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, ta ni yóò sì ní tíṣà ò mọ ohun tó ń sọ? Ọmọ kan kò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀ṣúnkẹ́mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ márùn-ún kò wá. Kí oṣù tó parí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣófo.

Wọn kò bú u o. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Àwọn obìnrin tó ń kọjá á kúnlẹ̀, wọ́n á gbé obì àti àgbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó rẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Bó bá lọ sídìí ẹ̀rọ omi, gbogbo ìlà á yà fún un, ẹnì kan á sì gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó tún bá a ṣeré. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní ìbéèrè. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un títí ó fi ku òun nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òjó abuké ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìlagi kan láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó ni ilé ìlagi pè é, ó ní kó máa lọ sílé, kí òrìṣà má bá òun jà. Ní Ara, ìlú kan nítòsí, obìnrin àfín kan wà tó ń ránṣọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, wọ́n gba aṣọ wọn, wọ́n gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹ ro ìyẹn wò. Gbólóhùn kan ni ọkùnrin kan sọ, kí ọmọ ìyá ìyàwó rẹ̀ lè ríṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ògúnrìndé bá Ọmọpẹ́ nílé lásìkò tó yẹ kó wà níbi ẹ̀kọ́.

"Kí ló dé tí ọmọ yìí ò lọ?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Lọ síbo? Ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ ni? Èèwọ̀ ni kí ẹni òrìṣà máa ṣiṣẹ́. N kò fẹ́ kí nǹkan ṣe ọmọ mi."

"Ràfíátù, èmi ni mo sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ò mọ̀ pé ẹ ṣì ń rántí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá yín. Ọlọ́run ló ní kí ẹ rántí, ẹ ò bá fi ọmọ yẹn kó ìlú sí wàhálà."

Ó ní òun fẹ́ sọ fún un nígbà náà pé irọ́ ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi wá kí òun wẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 1977 ni ilẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ìpàdé àwọn òbí ni. Yàrá kún, Tàjùdíìnì dúró lẹ́bàá fèrèsé, hẹdimásítà ń sọ̀rọ̀ nípa àga àti tábìlì. Ìyá arúgbó kan wọlé, aṣọ funfun ló ró. Fákẹ́mi ni, ìyá Àkàndé káfíńtà, ìyá bàbá Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń sin Ògìyán. Gbogbo èèyàn dìde fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé.

"Jeremáyà," ló pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ lásán kẹ́yìn. "Mo mọ bàbá ẹ. A jọ wọlé òrìṣà ni. Èèwọ̀ tó o kà fáwọn ará Ìbàdàn yẹn, ta ló kọ́ ẹ?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Níbí lo ti sọ ọ́. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà."

"Ta ló dàgbà jù mí lọ nínú wọn? Dárúkọ ẹ̀. Àṣé ó ti kú? Dárúkọ òkú náà. Nígbà tí mo dé ilé òrìṣà, abuké ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ funfun. Kí gbogbo wa tó jí, ó ti wà lódò. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó. Òrìṣà tó mọ ọ́n kò ní kó má ṣiṣẹ́. Ìwọ lo ní bẹ́ẹ̀."

Ó yíjú sí Tàjùdíìnì. "Ìwọ ọmọ Àbíjàn, mùsùlùmí ni ẹ́, mi ò ní fi òrìṣà mú ẹ. Sọ èyí tó o mọ̀."

Tàjùdíìnì tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Màmá, bọ̀dá ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òrìṣà làwọn máa fi yọ Ọ̀ṣúnkẹ́mi kúrò lọ́nà." Ó wolẹ̀. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́."

Ràfíátù wà láàárín àwọn ìyá. Ó fi gèlè bo ojú, ó jáde. Ìtìjú mú Ògúnrìndé débi pé ó jókòó lórí àga ẹlòmíràn, kò mọ̀.

Bóyá ẹ̀yin náà rò, bí mo ti rò nígbà tí mo ń gbọ́ ọ, pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ tán. Irọ́ ti tú, ọmọ á gba iṣẹ́ rẹ̀. Tàjùdíìnì wọkọ̀ padà sí Àbíjàn lọ́sẹ̀ náà, àyè sì ṣí. Hẹdimásítà kọ̀wé sí ọ́fíìsì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí Ọ̀ṣúnkẹ́mi wá, kí wọ́n fi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan wò ó. Àkàndé tẹ́ pákó rẹ̀. Wọ́n sọ bọ́ọ̀dù kalẹ̀.

Àádọ́rùn-ún orúkọ ló wà nínú ìwé orúkọ kíláàsì náà. Ọmọ mọ́kànlá ló jókòó.

Ògúnrìndé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ó lọ bá Abíọ́nà, bàbá ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì náà.

"Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Kò sí èèwọ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ padà."

Abíọ́nà wò ó tàánútàánú. "Olùkọ́, ẹ̀rù ló ń bà yín. Àwọn ọlọ́rìṣà ti wá bá yín, àbí?"

"Ta ló wá bá mi?"

"Ẹ má dárúkọ wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí ẹ yí ọ̀rọ̀ yín padà."

"Kò sẹ́ni tó wá bá mi. Èmi fúnra mi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí Màmá Fákẹ́mi sọ ni?"

"Ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n ń gbèjà. Bó bá jẹ́ irọ́, kò burú. Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ṣé ọmọ tèmi lẹ fẹ́ fi dán an wò?"

Ẹni tó ni ilé ìlagi sọ irú rẹ̀, kò sì gba Òjó padà. Bí Ògúnrìndé ti ń jẹ́wọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà pé ohun tó sọ lákọ̀ọ́kọ́ lágbára.

Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ mọ́kànlá náà kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi bá wọlé, ilẹ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ sí. Bó bá béèrè ìbéèrè, wọ́n á wolẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fagi lé ìṣirò ọmọ kan tó ṣì í. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá ọmọ náà dé pẹ̀lú obì àti ìgbín mẹ́ta, ó ń bẹ̀bẹ̀ kó dárí ji ọmọ òun. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní, "Màmá, ìṣirò ló ṣì. Ó máa tún un ṣe ni." Obìnrin náà ní àwọn ti gbọ́, àwọn dúpẹ́. Ọmọ náà kò tún wá.

Kí sáà náà tó parí, ọmọ méjì ló kù. Ìwé dé láti ọ́fíìsì pé kíláàsì tí kò ní ọmọ kò nílò tíṣà. Wọ́n ti kíláàsì náà. Wọ́n gbé Ògúnrìndé kúrò nípò hẹdimásítà, wọ́n fi í ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Ara.

Ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó yà ní ilé Àkàndé. Ọ̀ṣúnkẹ́mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbàlagbà tó tó bàbá rẹ̀.

"Ẹ dìde, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Gbogbo wọn ló ń wólẹ̀ fún mi."

Ó dìde. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì, pé kó sọ ohunkóhun tó bá fẹ́ kí òun ṣe.

Inú kò bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyẹn ló ṣì ń ba ọkùnrin náà nínú jẹ́ títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ó ní, "Ká ní ẹ sọ fún wọn pé mi ò mọ̀wé ni, sà, mi ò bá kọ́ ọmọ kan, kó yege, irọ́ á tán. Ká ní ẹ ní mi ò lágbára, mi ò bá máa jí dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo yín. Àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé mo ga ju iṣẹ́ lọ. Kí ni mo máa ṣe tí wọ́n á fi gbà pé èèyàn bíi tiwọn ni mí?"

Ọdún méjì rèé. Mo bi Ògúnrìndé bóyá ó ti rí ìdáhùn fún un. Ó ní òun kò tíì rí i. Ó ní Ọ̀ṣúnkẹ́mi ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, obì sì ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ ketekete pé irọ́ ni, pé kò sí èèwọ̀ kankan, bóyá ẹnì kan ní Ẹ̀jìgbò á kà á nínú ìwé ìròyìn, á gbà á gbọ́. Mo bi í bóyá òun náà rò pé wọ́n á gbà á gbọ́. Ó ní rárá, ó sì dìde kó máa lọ.